Bí Ikú Ilé Ò Bá Pani: Ìtàn Ọrùn, Ẹ̀jẹ̀ àti Ibà

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nílẹ̀ Òrù. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Agó-Ìwòyè, títí lọ dé àwọn abúlé etí omi ní Ogun Waterside, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún àgbàlagbà, ọwọ́ rẹ̀ á kàn lọ síwájú ọrùn ni. Àlàyé gẹ̀gẹ̀ àtijọ́ ò le. Kókó kan wà níwájú ọrùn wa tó rí bíi labalábá, táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pinnu bí ara ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó, kò sì lè ṣe é láìsí èròjà kan tó ń jẹ́ áyódíìnì. Bí áyódíìnì ò bá tó nínú oúnjẹ, kókó náà á máa tiraka, á sì máa wú. Láti 1993 ni Nàìjíríà ti ní kí àwọn tó ń ṣe iyọ̀ máa fi áyódíìnì sí i. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ò fi tíì fojú ara yín rí gẹ̀gẹ̀ ńlá rí.

Àmọ́ àìsàn táírọ́ìdì mìíràn wà tí iyọ̀ ò lè wò. Kì í ṣe pé nǹkan kan dín nínú oúnjẹ. Àwọn ọmọ ogun inú ara, àwọn tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn jáde, ni wọ́n yíjú sí onílé. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àìsàn ara-ń-bá-ara-jà. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ikú ilé gan-an nìyí.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìjà yìí kì í fìgbà gbogbo dúró sójú kan. Ẹni tó ń bá a jà lọ́rùn, ó lè tún máa bá a jà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀. Kí ló wá pa ọrùn àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ojú ewé kan pàtàkì nínú ìdáhùn náà, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ ọ́, látara àwọn aláìsàn tiwa. Ṣùgbọ́n ojú ewé yẹn kan náà, bí èèyàn ò bá kà á dáadáa, ó lè fi í sọ pé, "Àìsàn òyìnbó nìyẹn, kì í ṣe wá." Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn náà nìyẹn.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní nǹkan bí ọdún 1900, Paul Ehrlich, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí gbogbo ayé ìṣègùn ń gbọ́ tirẹ̀, sọ pé ara ò lè dìde sí ara rẹ̀, pé ẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ba ara fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá lọ́rọ̀ yẹn, àwọn èèyàn sì gbà á. Ṣùgbọ́n ní 1904, ní ìlú Vienna, Julius Donath àti Karl Landsteiner ń wo àwọn aláìsàn kan tí ìtọ̀ wọn máa ń dúdú bí òtútù bá ti mú wọn. Landsteiner yìí náà ló ṣàwárí A, B àti O tí a fi ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn ní. Wọ́n rí i pé nǹkan kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa tiwọn gan-an nígbà òtútù, tí ara bá sì ti móoru padà, ẹ̀jẹ̀ pupa náà á bẹ́. Ara ń pa ẹ̀jẹ̀ ara. Ẹ̀rí ti délẹ̀, àmọ́ orúkọ Ehrlich tóbi ju ẹ̀rí lọ, nǹkan bí àádọ́ta ọdún sì kọjá kí ayé tó gbà.

Ọrùn ló tẹ̀ lé e. Ní 1912, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Japan, Hakaru Hashimoto, kọ ìwé nípa obìnrin mẹ́rin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí gẹ̀gẹ̀. Nígbà tó fi awò wo kókó tí wọ́n yọ, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, àwọn tó máa ń lọ síbi tí ogun bá wà. Hashimoto rí àwọn ọmọ ogun lójú ogun, àmọ́ kò mọ ẹni tí wọ́n wá bá jà. Èdè Jámánì ló fi kọ ìwé náà. Ó padà sílé lọ ṣe dókítà ìlú rẹ̀, ó sì kú ní 1934 láìmọ̀ pé gbogbo ayé á máa fi orúkọ òun pe àìsàn yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ní 1950, ní ìlú St. Louis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, William Harrington ń tọ́jú obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ ṣáá. Àwọn èérún kéékèèké tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tí àwọn dókítà ń pè ní platelet, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára obìnrin náà. Harrington fura pé nǹkan kan nínú omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ló bá gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí sára! Láàárín wákàtí mélòó kan, èérún ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ti já wálẹ̀, gìrì gbé e, àmì ẹ̀jẹ̀ wínníwínní sì yọ sí i lára. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi márùn-ún, ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Lónìí, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó máa gbà kí dókítà ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, kò tún rọrùn mọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ara kì í bá ara jà.

Ọdún 1956 ni gbogbo rẹ̀ wá tú jáde, níbi mẹ́ta tó jìnnà síra. Ní Buffalo, Noel Rose àti Ernest Witebsky mú èròjà táírọ́ìdì ehoro, wọ́n gún un fún ehoro, táírọ́ìdì àwọn ehoro náà sì kún fún sẹ́ẹ̀lì funfun bíi ti àwọn obìnrin Hashimoto. Ní London, Ivan Roitt, Deborah Doniach àti Peter Campbell po omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn Hashimoto pọ̀ mọ́ èròjà táírọ́ìdì, ó sì dì: àǹtíbọ́dì, ìyẹn ọfà tí ara ń ta, wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, táírọ́ìdì wọn gan-an ni ọfà náà sì dojú kọ. Ní Dunedin, ní New Zealand, Duncan Adams àti Herbert Purves rí òdìkejì rẹ̀: nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, nǹkan kan wà tó ń ti táírọ́ìdì níṣó, tí kì í jẹ́ kó sinmi. Àìsàn Graves nìyẹn, èyí tó ń mú ojú yọ síta, tí àyà á máa lù kìkì. Àìsàn Hashimoto ń pa kókó, ti Graves ń nà án ní pàṣán. Ara ló ń ṣe méjèèjì.

Ní Dunedin yìí kan náà, obìnrin onímọ̀ kan, Marianne Bielschowsky, ń sin èkúté dúdú kan tí wọ́n ń pè ní NZB. Ní 1959, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ayé mọ̀ pé bí àwọn èkúté yìí bá ti ń dàgbà, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó gún wọn lábẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó fún wọn ní májèlé. Bàbá bí i mọ́ ọmọ, ìyá bí i mọ́ ọmọ. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àjogúnbá ti wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn èkúté yìí, torí pé a máa tún pàdé wọn.

Ọ̀nà àtijọ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn gba Òrù àti Àwà, ó kọjá Mámù, ó já sí Ìdí-Ayùnrẹ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá UCH ṣí ní Ìbàdàn ní 1957, àtọ̀nà yìí àtàwọn ọ̀nà mìíràn ni àwọn aláìsàn ń gbà lọ síbẹ̀ láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1965, dókítà ọ̀dọ́ kan láti Gẹ̀ẹ́sì, Brian Greenwood, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun kan ń ṣe é ní kàyéfì. Àwọn àìsàn ara-ń-bá-ara-jà tó máa ń rí nílùú wọn, kì í sábà rí wọn ní Ìbàdàn. Ló bá lọ ṣí ìwé. Nínú àwọn tó sún mọ́ 100,000 tí wọ́n dá dúró sí UCH láàárín 1957 sí 1966, àwọn tí wọ́n kọ irú àìsàn yìí sí lọ́rùn kò ju ọgọ́rùn-ún lé díẹ̀ lọ.

Kí ló dé? Greenwood wò yíká, ó rí ohun tí gbogbo wa mọ̀: ibà. Ẹni tó bá dàgbà nínú igbó Òrù tàbí létí omi Abígí, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ láìmọye ìgbà kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ní 1968, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé ó lè jẹ́ pé ibà àtàwọn kòkòrò mìíràn ló ń gba gbogbo ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara, débi tí wọn ò fi ráyè onílé. Àbá lásán ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló fi lọ bá àwọn èkúté Dunedin. Òun, Herrick àti Voller fi ibà èkúté ran àwọn NZB, wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ ní 1970: àwọn tí ibà ṣe, ìjà inú ẹ̀jẹ̀ wọn rọlẹ̀. Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ lórí ibùsùn UCH rí ìdáhùn lára èkúté tí wọ́n kọ́kọ́ sìn ní ìpẹ̀kun ayé.

Greenwood ò padà sílé lọ jókòó. Ó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Zaria, lẹ́yìn náà ó lọ sí Gámbíà, níbi tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn ẹ̀fọn sí máa ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé là. Ẹni tó sọ pé ibà lè máa pẹ̀tù sí ìjà kan nínú ara náà ló tún lo ọ̀pọ̀ ọdún láti lé ibà. Kò sí àtakò níbẹ̀. Kò sí ìyá tó máa yan ibà, tó ń pa ọmọ, nítorí kó má baà ní táírọ́ìdì lọ́jọ́ ogbó.

Ibi tí ìtàn náà ti lè tan èèyàn jẹ ló kù. Àwọn kan ka "kò wọ́pọ̀" sí "kò sí." Àìrìn jìnnà la ò fi rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọgọ́rùn-ún lé díẹ̀ tí Greenwood kà, àwọn tó délé ìwòsàn ni, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n sì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ta ló ka ẹni tó kú sílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Ta ló ka ẹni tí wọ́n ní ayé ló ń ṣe é?

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Àìtó ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní pernicious anaemia. Níbẹ̀, ara ń bá agbẹ̀du jà, agbẹ̀du ò wá lè bá ara gba fítámì B12 mọ́, ẹ̀jẹ̀ ò sì lè dá dáadáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti mọ̀ ní London pé àwọn tó ní in sábà máa ń ní ọfà táírọ́ìdì nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pẹ̀lú, bí ẹni pé ọ̀kan ni ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Ohun tí ìwé àwọn dókítà sì fi kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé àìsàn àwọn arúgbó aláwọ̀ funfun ni. Títí di 1978, tí Ralph Carmel àti Cage Johnson fi hàn ní Los Angeles pé ó ń mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, pé kò tilẹ̀ ń dúró kí wọ́n darúgbó. Nígbà tó di 1992, Olú Akinyanju àti Okany láti Èkó kọ ìwé lórí rẹ̀ nínú àwa ọmọ Áfíríkà. Àìsàn náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ojú tó máa rí i ni kò sí.

Bákan náà ni ti táírọ́ìdì. Ní 2011, Anthonia Ogbera àti Sonny Kuku kó gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa àìsàn táírọ́ìdì nílẹ̀ Áfíríkà jọ. Kuku yìí, dókítà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òun náà ló wá di Ògbẹ́ni Ọjà. Wọ́n rí i pé irú èyí tí ara fi ń bá ara jà wà káàkiri, àwọn obìnrin ló ń mú jù, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń kọjá láìsí ẹni tó mọ̀.

Ó wá ku ohun tó pa ọrùn àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ rántí jẹ́nótáìpù. Gbogbo yín lẹ mọ AA àti AS, torí kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹnìkan á béèrè. Jíìnì kan ṣoṣo ló ń pinnu ìyẹn. Ìjà ara kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń pawọ́ pọ̀ fà á, ìkọ̀ọ̀kan ń ti nǹkan díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn hàn kedere. Ọ̀kan ni FOXP3, tó ń dá àwọn ọlọ́pàá sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ara, àwọn tó ń sọ fún ìyókù pé, "Ẹ fi onílé sílẹ̀." Ní 2001, wọ́n rí i pé ọmọkùnrin tí FOXP3 tirẹ̀ bá bàjẹ́, ìjà á bẹ̀rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n rìn: ìfun, àtọ̀gbẹ, táírọ́ìdì, àti ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń bẹ́.

Èkejì ni CTLA4. Bíréèkì ni. Bí àwọn ọmọ ogun bá ti sáré débi tó yẹ, òun ló ń dá wọn dúró. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti mọ̀ pé ìyàtọ̀ kékeré nínú jíìnì yìí máa ń wà lára àwọn tó ní àìsàn Graves. Ní 2014, wọ́n wá rí àwọn ìdílé tí ẹ̀dà kan lára CTLA4 wọn ti bàjẹ́ pátápátá. Lára àwọn èèyàn wọ̀nyí, ara ń pa ẹ̀jẹ̀ pupa, ó ń pa èérún ẹ̀jẹ̀, ó sì ń bá táírọ́ìdì jà. Ìdáhùn ìbéèrè wa nìyẹn: ọrùn àti ẹ̀jẹ̀ ò jọra, àmọ́ bíréèkì kan náà ló ń dáàbò bo méjèèjì. Bí bíréèkì bá já lójú ọ̀nà Òrù, ọkọ̀ ò ní yan ohun tó máa kọlù. Ẹ tilẹ̀ wo àwọn alárùn jẹjẹrẹ tí dókítà mọ̀ọ́mọ̀ fi oògùn tú bíréèkì yìí fún kí ara lè bá jẹjẹrẹ jà. Táírọ́ìdì àwọn kan nínú wọn máa ń fara gbọgbẹ́.

Ọ̀kan ṣì wà tó yẹ kó dùn wá díẹ̀. Ní 2004, ayé ìṣègùn yọ̀ nítorí jíìnì kan, PTPN22. Ìyàtọ̀ kan nínú rẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ìgbà ọmọdé, àìsàn táírọ́ìdì àtàwọn mìíràn. Àmọ́ lára àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti rí i. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára àwa ọmọ Áfíríkà rárá. Síbẹ̀ àìsàn náà ń mú wa. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn jíìnì mìíràn ló ń ṣe tiwa, kọ́kọ́rọ́ tiwọn ò sì lè ṣí ilẹ̀kùn tiwa. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 tọ́ka síbi tó yẹ ká wò. FCGR2B ni jíìnì yẹn. Ìyàtọ̀ kan nínú rẹ̀ ń dáàbò bo àwọn ọmọ Kẹ́ńyà lọ́wọ́ ibà líle, ìyàtọ̀ kan náà sì ń mú kó rọrùn fún àìsàn lupus láti mú èèyàn, lupus tí kì í dá ẹ̀jẹ̀ sí. Bí AS ṣe ń gba èèyàn lọ́wọ́ ibà ṣùgbọ́n tí SS ń fìyà jẹ ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ibà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn baba ńlá wa, àwa la jogún ìwé náà. Greenwood rí apá kan nínú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìyókù ṣì ń dúró de ẹni tó máa kà á.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní Agó-Ìwòyè, níbi tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1982. Ó ń jẹun àmọ́ ó ń rù. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ooru ń mú un nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ súwẹ́tà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdánwò ló ń bà á lẹ́rù. Oníkẹ́mísítì ní ibà ni. Lóṣù kejì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi eyín rẹ̀, àmì pupa wínníwínní yọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ ò sì dá mọ́. Ìyá rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọ̀rọ̀ ti di ti ayé. Gbogbo wọn fẹ́ràn ọmọ yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè bóyá ọ̀kan náà ni ọwọ́ tó wà lọ́rùn àti ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Àyẹ̀wò táírọ́ìdì àti kíka èérún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa fà fún un. Oògùn wà fún méjèèjì. Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbéèrè: "Ta ló ti ní irú rẹ̀ rí nínú ilé yín, níhà ìyá àti níhà bàbá?" Harrington fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kí ìbéèrè yẹn tó lè ní ìtumọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ lè bi ìyá àgbà yín láìná kọ́bọ̀: ta ni ojú rẹ̀ yọ síta, ta ni wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá, ta ni àyà rẹ̀ máa ń já láìnídìí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ nínú ìwé yẹn ni ọmọ Òrù kan tó ń kọ́ ìṣègùn lónìí máa ti ka ohun tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ parí.